Kí Onílé Tó Gbé Pètéèsì Lé Ilé Àtijọ́ Lórí

Àgídìngbì kì í ṣe abúlé mọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó ṣì jẹ́ abúlé ni a ti kọ́ díẹ̀ nínú àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ni a bẹ̀rẹ̀ sí ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní agbègbè náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ wá láti ìlú gbogbo, wọ́n sì ń wá yàrá tí wọn yóò máa sùn sí. Onílé tí ó ní yàrá mẹ́ta fi mẹ́rin kún un, ẹni tí ó ní mẹ́rin sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà láàárín, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì, ilé ìdáná àti ilé ìgbẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Irú ilé yìí ni àwọn ará Èkó ń pè ní kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ. Lónìí, àwọn ọ́fíìsì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláúsá kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ilẹ̀ sì ti wọ́n gógó. Nítorí náà, onílé tí ó bá fẹ́ kí owó yàrá rẹ̀ pọ̀ sí i kì í wo ẹ̀gbẹ́ mọ́. Òkè ni ó ń wò.

Kò sí ẹ̀bi nínú kí ènìyàn fẹ́ sọ ilé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ di pètéèsì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ilé tí a kọ́ láti ru páànù nìkan ni a fẹ́ kí ó ru odindi ilé mìíràn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹrù méjèèjì kò hàn sí ojú lásán, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣírò. Kí a mú yàrá kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Páànù tí ó bo irú yàrá bẹ́ẹ̀, ọkùnrin méjì lè rù ú. Ṣùgbọ́n bí a bá da dẹ́kìn kọnkéré tí ó nípọn ní ínǹsì 6 lé yàrá kan náà lórí, ìwọ̀n rẹ̀ yóò súnmọ́ tọ́ọ̀nù 5. Ìyẹn ni pé ó dà bí ìgbà tí a to àpò sìmẹ́ńtì tí ó tó 98 lé yàrá náà lórí, tí a kò sì ní gbé wọn kúrò mọ́ láé. Bí yàrá bá jẹ́ mẹ́wàá, ó di nǹkan bí tọ́ọ̀nù 50, a kò sì tíì ka dẹ́kìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri òkè, àwọn ènìyàn àti ẹrù wọn, àti táńkì omi tí a óò gbé ka orí gbogbo rẹ̀. Omi inú táńkì lítà 2,000 nìkan jẹ́ tọ́ọ̀nù 2.

Gbogbo ẹrù yìí ni yóò gba inú ògiri sọ̀kalẹ̀ sí ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ ni yóò sì gbé e lé ilẹ̀. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí onílé mọ̀ ni ohun tí ògiri rẹ̀ jẹ́ gan-an. Ilé wà tí ó dà bí ilé búlọ́ọ̀kù lójú, tí ó sì jẹ́ pé amọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀: bàbá àgbà ni ó mọ ọ́n, ọmọ ni ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ọmọ-ọmọ ni ó fi ọ̀dà kùn ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òótọ́, kí ó ha sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri kúrò níbi mélòó kan, ní ìsàlẹ̀ ògiri àti lábẹ́ fèrèsé, kí ó sì wo inú. Bí ó bá jẹ́ amọ̀, kò sí pètéèsì tí ó lè dúró lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó sọ pé òun lè ṣe é. Bí ó bá sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù, kí ó wò ó bóyá ó ní pílà onírin ní igun àti ní àárín ògiri, tàbí búlọ́ọ̀kù nìkan ni a tò láti ilẹ̀ dé òkè. Èyí tí kò ní pílà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ilẹ̀ àtijọ́.

Lẹ́yìn ògiri ni ìpìlẹ̀. A óò gbẹ́ kòtò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4, títí tí a óò fi rí ibi tí ìpìlẹ̀ parí sí, bí ó ti fẹ̀ tó, àti irú ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Igun kan ni kí a gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dí i kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí kòtò tí a ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ nígbà òjò lè fa ohun tí a ń sá fún gan-an. Ilẹ̀ pupa tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìkẹjà a máa le dáadáa, ó sì sàn ju ilẹ̀ àbàtà etí ọ̀sà lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa kò ní kí ihò ṣalángá má wà nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, nígbà tí ṣalángá kan bá kún, a óò da ilẹ̀ àti pàǹtírí lé e, a óò sì gbẹ́ òmíràn. Lẹ́yìn ogójì ọdún, koríko ti hù níbẹ̀, ọmọ kò sì mọ̀ mọ́. Ó wá fi yàrá tuntun lé e lórí, yàrá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kànga tí a ti dí. Ìyá àgbà tí ó ti pẹ́ jù nínú agbo ilé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè ibi tí wọ́n wà, nítorí ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé ẹnjiníà kankan.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹnu tí ògiri bá là ni ó yẹ kí ó dẹ́rù ba ènìyàn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lára sìmẹ́ńtì ògiri kì í sábà ju kí sìmẹ́ńtì ti yára gbẹ jù lọ. Èyí tí ó léwu ni èyí tí ó gba igun fèrèsé tàbí igun ìlẹ̀kùn gòkè ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí ó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, tàbí tí ó la búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ já sí ẹ̀yìn ògiri. Ìlẹ̀kùn tí ó ń tì tẹ́lẹ̀ tí kò tì mọ́ jẹ́ àmì kan náà. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ilé ṣì ń rìn: kí a lẹ sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ó là, kí a kọ ọjọ́ tí a lẹ̀ ẹ́ sí i lára, kí a sì máa wò ó jálẹ̀ ìgbà òjò kan. Bí sìmẹ́ńtì náà bá là, ilé ṣì ń rìn, kò sì yẹ kí a gbé ohunkóhun lé e.

Ohun tí ó mú kí a máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ilé ti pa ènìyàn púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọjọ́ 12 oṣù September, 2014, ilé àlejò kan wó ní Ìkòtún, ènìyàn 116 sì kú. Ní ọjọ́ 13 oṣù March, 2019, ilé tí ilé-ìwé wà ní òkè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ènìyàn 20 kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ sọ pé a ti sàmì sí ilé Ìta Fájì fún wíwó ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó bá ní ilé tí ògiri rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò ní láti fi ìṣọ́ra kún ìṣọ́ra. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní Sùúrùlérè, níbi tí LEDB, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú Èkó ṣe, ti kọ́ ilé onílà gígùn fún àwọn tí a kó kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955 síwájú. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín yàrá ẹni méjì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé òkè lé tirẹ̀, ìdajì ẹrù náà yóò bọ́ sórí ògiri tí ó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Bí ó bá sì wó tirẹ̀ láti tún un kọ́, ògiri ẹnìkejì lè tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí ó dára ni kí ilé tuntun ní pílà àti ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àjùmọ̀ní náà, kí a sì fi igi ti ògiri aládùúgbò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àgídìngbì kò ní irú ìlà ilé bẹ́ẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí àlàfo àárín wọn kò ju ibi tí ènìyàn lè gbà kọjá pọ̀ níbẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ni ó sì wà fún wọn.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ilé àtijọ́ kò wúlò mọ́. Ilé tí ògiri rẹ̀ dára ṣeé tún ṣe, ó sì ṣeé fi yàrá kún ní ẹ̀gbẹ́ bí àyè bá wà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe so ògiri tuntun mọ́ ti àtijọ́ gírígírí: èyí tí ó ti pẹ́ ti jókòó sí ilẹ̀, tuntun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó, bí wọ́n bá sì so pọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ni yóò ya. Kí a fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn, kí a sì bò ó. Ẹni tí ó fẹ́ wó ògiri iwájú láti ṣí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ògiri náà ń gbé. Ẹni tí àjà tàbí òrùlé rẹ̀ bá sì jẹ́ asbestos, kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí a fi omi rin ín, kí a sọ ọ́ kalẹ̀ ní odindi.

Ìwé àṣẹ ṣe pàtàkì. Lábẹ́ òfin ètò ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2010, àjọ LASPPPA ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti kọ́ ilé, àjọ LASBCA ni ó sì ń bẹ iṣẹ́ wò bí ó ti ń lọ láti ìpele dé ìpele. Kì í ṣe ilé tuntun nìkan ni ó nílò ìwé àṣẹ. Gbígbé òkè lé ilé ilẹ̀ náà nílò rẹ̀. Bíríkìlà kò lè fi ìrírí rẹ̀ dípò ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé COREN. Owó tí ẹnjiníà yóò gbà fún àyẹ̀wò a máa dun onílé, ó sì yẹ kí ó dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó dẹ́kìn kan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ẹnjiníà kì í sọ. Ilé bàbá kì í ṣe ilé ọmọ kan. Nínú òfin ìbílẹ̀ Yorùbá, èyí tí àwọn ilé-ẹjọ́ ti tẹ̀ lé, ọmọ tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. Àbúrò tí ó gbé òkè lé ilé lè gbà pé òun ni ó ni òkè, ẹ̀gbọ́n yóò sì gbà pé ẹbí ni ó ni gbogbo rẹ̀, ẹjọ́ yóò sì jẹ owó tí ó yẹ kí ilé jẹ. Kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ láti ojú ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé lórí iye ọdún tí ẹni tí ó náwó yóò fi máa gba owó òkè. Àwọn ayálégbé náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Òfin ilé gbígbé ti 2011 ní kí a fún ẹni tí ń san owó lóṣooṣù ní ìwé oṣù kan, kí a sì fún ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún ní ìwé oṣù mẹ́fà, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sùn ní ìsàlẹ̀ nígbà tí a bá ń da kọnkéré lókè.

Oṣù November ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀, kí òrùlé lè ti wà lórí kí òjò oṣù April tó dé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nítorí náà kí onílé fúnra rẹ̀ wo ohun tí a ń kó wá. Láti 2014 ni Àjọ Standards Organisation of Nigeria ti pa á láṣẹ pé sìmẹ́ńtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, àti pé 42.5 ni kí a fi ṣe búlọ́ọ̀kù, pílà àti dẹ́kìn. Nọ́ńbà náà wà lára àpò. Yanrìn etí òkun ní iyọ̀ tí ń jẹ irin. Búlọ́ọ̀kù tí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́ nígbà tí a jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí, kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Omi àpọ̀jù a máa mú kí kọnkéré rọrùn láti dà, a sì máa gba agbára rẹ̀. Bí a bá ti da dẹ́kìn tán, kí a máa fi omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Kí igi tí a fi tì í lábẹ́ wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 28, bí káfíńtà tilẹ̀ ní iṣẹ́ níbòmíràn tí ó fẹ́ fi igi náà ṣe. Láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni kí a ti máa yọ ọ́. Bálíkónì nìkan ni ó yàtọ̀: láti etí tí ó yọ síta ni a ti ń yọ igi tirẹ̀ wá sí ara ògiri.