Ẹ Họ Ọ́ Kí Ẹ Tó Gbé E Mì: Bí Fóònù Ṣe Ń Tú Àṣírí Oògùn Ayédèrú

 

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta ata ní òun ra oògùn ibà fún ọmọ-ọmọ òun lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ọmọ lo oògùn náà tán, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná janjan. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí i pé ayédèrú ni. Ọmọ ti gbádùn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá wa bèèrè pé: “Èmi tí n kò kàwé, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó dáa?” Ìbéèrè gidi ni, òun ló fa ọ̀rọ̀ yìí.

Fóònù ọwọ́ yín, àní kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, lè bá yín ṣe é. Ní ọdún 2010 ni àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, wọ́n sì lo iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sproxil, tí Ashifi Gogo, ọmọ ilẹ̀ Gánà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò ni wọ́n gbájú mọ́ jù, nítorí àwọn ni oníjìbìtì ń ṣe ayédèrú wọn jù.

Ẹ wo ara páálí oògùn. Ẹ ó rí ibì kan tí wọ́n fi ohun tó dà bíi fàdákà bò, bíi ti káàdì tí a ń họ fi kówó sí fóònù. Ẹ fi èékánná họ ọ́, nọ́ńbà yóò jáde. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sínú fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkurú tí wọ́n kọ sára páálí náà. Wọ́n ṣe é kí ẹni tó ń ránṣẹ́ má san kọ́bọ̀. Láìpẹ́, èsì á dé: bóyá ojúlówó ni, àbí kí ẹ ṣọ́ra. (Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, kí ó pe ọmọ iléèwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ jàre.)

Kí ló dé tí oníjìbìtì kò fi lè tan fóònù? Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù aṣọ mọ̀ ọ́n: wọ́n lè ya àwòrán lébẹ́ẹ̀lì kí ó jọra pátápátá. Ṣùgbọ́n páálí kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, méjì kò jọra, gbogbo wọn ló sì wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà. Bí oníjìbìtì bá da nọ́ńbà kan kọ sára ẹgbẹ̀rún páálí, ẹni àkọ́kọ́ tó bá ránṣẹ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà máa gbà fún. Àwọn tó kù, á ní ẹnìkan ti lo nọ́ńbà yìí rí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti họ páálí kí ẹ tó rà á, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá sì sanwó tán, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ojú ẹni tó tà á ni kí ẹ ti họ ọ́.

Ó níbi tí agbára fóònù mọ o. Oògùn tí wọ́n gé méjì-méjì tà fún yín kò ní nọ́ńbà kankan. Oògùn tí oòrùn ti pa lórí igbá látàárọ̀, fóònù á ṣì pè é ní ojúlówó. Ẹ rántí “My Pikin”, oògùn eyín ọmọdé, ní ọdún 2008. Ọmọ tó lé ní ọgọ́rin ló bá a lọ. Kì í ṣe ayédèrú: ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló ṣe é, àmọ́ májèlé kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ti wọnú rẹ̀. Májèlé yẹn kan náà ló pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jos ní 1990. Téèsì kò lè rí irú èyí. Bí ọmọ bá lo oògùn tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tó ń sùn gọọrọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, kí ẹ mú ìgò náà dání.

Bí èsì bá ní kí ẹ ṣọ́ra, ẹ má bá olóògùn jà, ẹ má sì sọ páálí nù. Ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́, a ó bá yín gbé e dé ọ́fíìsì NAFDAC. Ní ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, kí kálukú mú páálí oògùn tó wà nílé wá, a ó jọ họ ọ́.