Kòkòrò Orí Igi Arère

Ẹni tó bá wọ sányán lọ sóde lè máà rántí pé ara kòkòrò ni òwú aṣọ náà ti wá. Ìbátan kòkòrò yìí kan wà tó jẹ́ pé ewé arère ni oúnjẹ rẹ̀. Bí òjò bá ti balẹ̀, láti nǹkan bí oṣù keje, àwọn ará oko á kó ìdin rẹ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á fi jẹ ẹ̀bà. Ẹran tálákà ni.

Àsìkò yẹn gan-an ni àrùn kan máa ń jà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti àyíká rẹ̀. Ẹni tó jẹun yó, kò tó wákàtí mélòó kan, èébì á gbé e, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí. Lọ́dún 1958, àwọn oníṣègùn méjì, Wright àti Morley, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Lancet. Ọpọlọ wíwú ni wọ́n kà á sí.

Ó tó ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn náà kí Dókítà Bọ́lá Adámọ́lẹ́kun, tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà, tó nawọ́ sí ìdin inú abọ́. Ní 1994, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé fítámì B1 ń wo àwọn aláìsàn náà. Àwọn onímọ̀ láti Japan wá bá a débẹ̀ ní 2000: èròjà kan wà lára ìdin náà tó ń gé fítámì B1 sí wẹ́wẹ́. Iná díẹ̀ kò ràn án. Bí ooru bá tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Èmi kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru kòkòrò. B1 ni ara fi ń sọ oúnjẹ oníṣítáṣì di agbára. Bí ẹ̀bà bá ṣe pọ̀ tó ni B1 tí ara ń béèrè ṣe ń pọ̀ sí i. Kì í sì í pẹ́ lára, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló mọ. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, tó ń jẹ ẹ́ lálẹ́, ti wà létí bèbè kí ìdin tó dé.

Abọ́ ẹ̀gẹ́ yẹn kò ṣàjèjì ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àyíká Ìbàdàn bí Akínyẹlé, Làgelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. A máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe láfún fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sì da omi rẹ̀ nù. Omi ni àwọn fítámì B sì ń bá lọ. A máa ń ju kàún sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà ló ní B1 dáadáa, kàún ló sì ń bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ ògì ló tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní erékùṣù Java, ní nǹkan bí 1890, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Eijkman rí àwọn adìẹ tí ẹsẹ̀ wọn rọ nítorí ìrẹsì tí wọ́n ti bó eèrí rẹ̀ kúrò. Eèrí náà, tí B1 wà nínú rẹ̀, ló tún gbé wọn dìde. Àwa náà ń sẹ́ ògì, ọmọ ń mu omi funfun rẹ̀, ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni à ń da eèrí fún.