Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ Tí A Bá Fa Flash Yọ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń tú kánópì lẹ́yìn ìnáwó ní Ìlúpéjú níbí. Gílóòbù ni wọ́n máa kọ́kọ́ já, kí wọ́n tó ká tapólì, kí wọ́n tó wá tú irin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irin yọ, orí ara ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa wó lé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni inú kọ̀ǹpútà rí.

Kernel ni ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, ni kernel inú àwọn fóònù Android. Ohun tí a bá so mọ́ ẹ̀rọ máa ń ní driver, ìyẹn ètò tó ń bá a sọ̀rọ̀. Kernel sì tò wọ́n bí òbí àti ọmọ: hub USB ni òbí, flash àti mouse tó wà lára ẹ̀ ni ọmọ. Tẹ́nì kan bá fa hub yọ, àwọn ọmọ ni kernel máa kọ́kọ́ yọ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀, hub ló máa gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ hub ló kọ́kọ́ lọ, driver flash á máa wá ohun tí kò sí mọ́ nínú mẹ́mórì, gbogbo ẹ̀rọ sì lè dákú lójijì.

Ṣùgbọ́n ìbátan nìkan ò tó o. Kámẹ́rà fóònù kì í ṣe ọmọ ẹ̀rọ tó ń fún un ní iná, síbẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Linux 4.10, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2017, ló mú device link wá: driver máa sọ fún kernel pé ẹni báyìí ni oníbàárà, ẹni báyìí ni olùpèsè. Tí wọ́n bá wá fẹ́ yọ olùpèsè, driver oníbàárà ló máa kọ́kọ́ kúrò.

Èyí tó wù mí jù ni ti kíkà. Ètò kan lè ṣì ṣí fáìlì lórí flash tí a ti fà yọ. Kernel kì í sáré pa àkọsílẹ̀ flash yẹn rẹ́. Ó máa ń ka iye àwọn tó ṣì dì í mú. Ìgbà tí iye náà bá di òdo ló tó palẹ̀ ẹ̀ mọ́.

Fáìlì tiyín ńkọ́, èyí tẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀? Kernel ò lè gba ìyẹn là. Ó lè ṣì wà nínú mẹ́mórì kọ̀ǹpútà, kó má tíì dé orí flash rárá. Láti 2018 ni Windows 10 ti dín ìdádúró yẹn kù, síbẹ̀ tí ẹ bá fà á yọ nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́, fáìlì lè bàjẹ́. Ẹ tẹ "Eject", kí ẹ dúró kó sọ pé ó ti parí. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín ìyẹn, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.