Sóbò Tó Dì Gbagidi

Bí oòrùn bá ti mú ní Ọjà'ba, sóbò tó dì gbagidi ni àwọn aláàárù máa ń béèrè lọ́wọ́ mi, kì í ṣe èyí tó kàn tutù. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ níbẹ̀ lè máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gun òkè Màpó lọ sí Bẹẹrẹ, á sì ṣì kù díẹ̀ tó bá débẹ̀.

Bẹyẹrunkà ni mo ti ń sè é. Ìṣápá pupa gbígbẹ, èyí tó ń ti Òkè-Ọya wá, ni mo ń rà. Mo máa ń ṣà á, mo sì máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí iyanrìn, kí n tó sè é pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀-òyìnbó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tó bá ti wọ firísà ti bọ́ lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kíkan ìṣápá kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí rí ayé gbé nínú rẹ̀, àmọ́ ìwúkàrà ò ka kíkan sí, ṣúgà ló ń wá. Bí sóbò bá sùn síta mọ́jú, ìwúkàrà á ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀: ike á wú, á máa hó tí wọ́n bá ṣí i, adùn rẹ̀ á sì yí padà. Òtútù kì í pa ìwúkàrà tán, ó kàn ń dá a dúró ni. Àwọn oníbúrẹ́dì mìíràn tiẹ̀ ń tọ́jú tiwọn sí firísà kó lè pẹ́. Bí sóbò bá ṣe wọlé náà ló ṣe máa jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo bá sè é. Mo máa ń gbé ìkòkò sínú omi tútù kí ooru rẹ̀ tètè lọ, mo á sẹ́ ẹ, mo á sì rọ ọ́ sínú ike tó mọ́.

Ike ò gbọdọ̀ kún dé ẹnu o. Bí omi bá ń dì, ó máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, nítorí náà ike 50cl ń fẹ́ àyè 5cl, kó má baà là. Ó sì yẹ kí firísà tutù dé -18°C.

Ohun kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń bá mi jà sí. Wọ́n á fa sóbò tó ń yọ́ lẹ́nu ike, á dùn, á pọ́n dòdò. Nígbà tó bá kù díẹ̀, yìnyín funfun ni wọ́n á rí. “Ìyá onísóbò, ẹ ti bomi là á!” Mi ò bomi là á. Omi ló máa ń kọ́kọ́ dì, á ti ṣúgà àti aró ìṣápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tó ládùn yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ́. Ẹ jẹ́ kó yọ́ dé ìdajì, kí ẹ mì í pọ̀ kí ẹ tó mu ún.

Ọgbọ́n dídi nǹkan yìí náà ni wọ́n ń lò fún kọfí. Àwọn kan máa ń di kọfí tó bá ṣẹ́kù sínú àwo yìnyín, kí wọ́n lè fi sínú kọfí tútù láìjẹ́ pé omi là á. Ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á po kọfí tó ki, wọ́n á dì í, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á wá fa afẹ́fẹ́ kúrò níbi tó wà, kí yìnyín rẹ̀ lè di oru láì kọ́kọ́ yọ́. Bí kọfí gbígbẹ kan ṣe ń dé inú ìgò nìyẹn.

Ní ti sóbò, iná mànàmáná tó máa ń lọ ni wàhálà wa. Firísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè pa òtútù mọ́ fún nǹkan bí wákàtí 48. Bó bá jẹ́ ìdajì ló kún, wákàtí 24 ni. Mo máa ń fi ike omi dí gbogbo àyè tó bá ṣófo. Sóbò tó bá yọ́ tó ṣì tutù, a ń mu ún lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, mi ò ní dì í padà, dídà ni mò ń dà á nù. Ó máa ń dùn mí, torí ṣúgà ti wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé wà lára àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi.