Ìgbì Abẹ́ Òkun àti Ìrìn Ìró Nínú Omi

Àwa ará Ẹdẹ kì í ṣe àlejò ìlù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, a máa lu ìlù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ẹni tí ó bá ń fetí sílẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ìgbà ọyẹ́ yóò ti ṣàkíyèsí pé ìlù tàbí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan a máa ró kedere létí rẹ̀. Kì í ṣe pé alágogo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí agbára. Ìró a máa tẹ̀ sí ibi tí ìrìn rẹ̀ ti falẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù a sì máa fa ìrìn rẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ bá tutù ju ti òkè lọ, ìró tí ìbá gòkè lọ a tẹ̀ padà wá bá wa.

Òfin kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú òkun. Nínú afẹ́fẹ́, ìró ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi òkun, nǹkan bí 1,500 mítà ni. Bí omi bá sì ṣe gbóná sí i ni ìrìn rẹ̀ ń yá sí i. Ṣùgbọ́n omi òkun kò rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní Gulf of Guinea, níbi tí odò Ọ̀ṣun tí ó gba Ẹdẹ kọjá ń ṣàn lọ nípasẹ̀ ọ̀sà, omi gbígbóná tí ó fúyẹ́ ni ó wà lókè, omi tútù tí ó wúwo sì wà nísàlẹ̀.

Ààlà àárín àwọn méjèèjì ni ìgbì abẹ́ òkun ń gùn. Ẹ da omi sínú ìgò, kí ẹ da òróró lé e, kí ẹ sì rọra mì í: ẹ ó rí ìgbì tí ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín wọn, tí ojú òróró lókè kò sì mì tó bẹ́ẹ̀. Nínú òkun, ìkún àti ìfà omi lórí gegele ìsàlẹ̀ òkun ni ó sábà ń dá a sílẹ̀. Ní òkun gúúsù Ṣáínà, a ti wọn èyí tí ó ga ju 100 mítà lọ.

Bí ìgbì yìí ti ń gbé ààlà náà sókè tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ìró ń yí padà. Ẹ̀rọ kan náà lè gbọ́ ìró ketekete nísinsìnyí, kí ó má sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láìpẹ́. Ní Yellow Sea, láàárín Ṣáínà àti Kòríà, àwọn ìró kan ń pàdánù agbára ju bí ìṣirò ti wí lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ní ọdún 1991, Ji-Xun Zhou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀wọ́ ìgbì abẹ́ òkun lè jẹ́ okùnfà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré fún ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì rédíò. Etí ni ó fi ń ríran. Ìgbì náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú lè gbé ọkọ̀ rì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ọkọ̀ Nanggala ti Indonéṣíà rì ní àríwá Bali pẹ̀lú ènìyàn 53. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi níbẹ̀ sọ pé ó lè jẹ́ ìgbì abẹ́ òkun ni ó fà á lọ sísàlẹ̀.

Ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire, omi tútù a máa ru sókè láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Ẹja a pọ̀ nígbà náà, ààlà omi a sì súnmọ́ òkè. Ẹni tí ó bá wọn ìrìn ìró níbẹ̀ ní oṣù kejì ní láti tún un wọ̀n ní oṣù kẹjọ.