Alùpùpù Tí Ó Ti Bàjẹ́, àti Titun Tí A Ń San Owó Rẹ̀ Díẹ̀díẹ̀

Àgbẹ̀ oníkòkó tí oko rẹ̀ jìnnà sí ìlú, tí mọ́tò kò sì lè dé ibẹ̀, a máa wá alùpùpù tí yóò gbé kòkó rẹ̀ wọ ìlú. Ọ̀nà méjì ni ó sábà máa ń ṣí sílẹ̀ fún un. Èkínní ni alùpùpù tí ó ti ṣubú rí, tàbí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti rẹ̀, tí ẹni tí ó ni ín sì fẹ́ tà ní owó pọ́ọ́kú. Èkejì ni titun, tí oníṣòwò yóò gbé fún un lẹ́yìn tí ó bá san owó díẹ̀, tí yóò sì máa san ìyókù ní oṣooṣù. Ọkùnrin inú Ìhìnrere Lúùkù tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ní láti kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Ṣùgbọ́n ìṣirò ti alùpùpù àlòkù kò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ owó bí kò ṣe láti ọ̀dọ̀ irin.

Táyà tí ó ti jẹ, ṣéènì tí ó ti dẹ̀, púlọ́ọ̀gì tí ó dúdú, bíréèkì tí kò mú mọ́: gbogbo ìwọ̀nyí ni a ń pààrọ̀ lára titun pàápàá bí ó bá pẹ́, kò sì yẹ kí wọ́n dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Férémù ni ọ̀rọ̀ wà. Òun ni egungun alùpùpù. Bí ó bá ti tẹ̀, tàbí tí jórinjórin ti jó o pọ̀ níbi tí ó ti ṣẹ́, kò sí ọ̀dà tí ó lè wò ó sàn. Ẹni tí ó ra irú rẹ̀, tí ó wá ń náwó sórí ọ̀dà àti ìjókòó, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Láti mọ̀ ọ́n, kí a tì í lọ tààrà lórí ilẹ̀ iyanrìn, kí a sì wo ipa tí ó fi sílẹ̀: ipa táyà ẹ̀yìn ní láti bọ́ sórí ti iwájú. Bí wọ́n bá yà kúrò lára wọn, tí a tún ṣéènì ṣe tí wọn kò sì tọ́, kí àgbẹ̀ náà kí ọlọ́jà pé ó dàárọ̀.

Òwúrọ̀ ni ó yẹ kí a yẹ ẹ́ńjìnnì wò, kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bí a bá fọwọ́ kàn án tí ó ti gbóná, kí a béèrè ìdí, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ó ti rẹ̀ a máa ṣòro láti tan nígbà tí ó bá tutù, ẹni tí ó ń tà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èéfín tí ó ní àwọ̀ aró, tí kò sì dáwọ́ dúró, ń fi hàn pé ó ń jó ọ́ìlì; písítìn àti òrùka rẹ̀ ti jẹ. Èéfín dúdú kò burú tó bẹ́ẹ̀, pẹtiróòlù ni ó pọ̀ jù. Ọ́ìlì tí ó funfun bí wàrà ti gba omi. Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ mú wá kọ iye owó àtúnṣe sílẹ̀, kí a sì fi kún owó ọjà. Bí àpapọ̀ bá ti ń súnmọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta owó titun, kò pọ́ọ́kú mọ́. Kí nọ́ńbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu pẹ̀lú, kí a má baà ra ẹrù olè.

Ní ti titun, kí a ṣe àpẹẹrẹ. Alùpùpù jẹ́ ₦900,000. Àgbẹ̀ san ₦300,000. Ó ku ₦600,000 tí yóò san ní oṣù 12, pẹ̀lú èlé ₦5 lórí ₦100 lóṣooṣù. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦30,000, ti ọdún jẹ́ ₦360,000. Yóò máa san ₦80,000 lóṣooṣù, alùpùpù náà yóò sì di ₦1,260,000. Lẹ́yìn oṣù 6 ó ti dá ìdajì owó náà padà, síbẹ̀ ₦30,000 yẹn kan náà ni wọ́n ń gbà lórí ₦300,000 tí ó kù, èyí tí í ṣe ₦10 lórí ₦100. Kí a béèrè ṣáájú bóyá èlé yóò máa dínkù bí gbèsè ti ń dínkù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú àgbẹ̀ jù lọ kì í ṣe èlé, oṣù ni. Akọ̀wé a máa gba owó lóṣooṣù. Kòkó kì í so lóṣooṣù. Ìkórè ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Ọ̀wàrà, ó sì ń lọ títí di nǹkan bí oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ní àkókò òjò, owó ń jáde fún ìroko àti fún oògùn àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Bélú, nígbà tí owó wà lápò, kò gbọdọ̀ gbàgbé oṣù Agẹmọ. Láyé àtijọ́, onígbèsè a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà; nísinsìnyí alùpùpù fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀fà. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 1965 lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ sọ pé, nígbà tí a bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, olówó kò lè gbà á padà láìsí ilé ẹjọ́; ṣùgbọ́n bí ìsan mẹ́ta bá ti já, ó lè gbé e lọ pamọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ọkọ̀ tí a gbé pamọ́ kò ru kòkó.

Nítorí náà, titun yẹ ẹni tí ó ní òwò mìíràn tí ń mú owó wọlé lóṣooṣù. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ ti inú kòkó wá, àlòkù tí férémù rẹ̀ tọ́ sàn fún un, bí mẹkáníìkì bá wà nítòsí. Bí kò bá sì rí irú rẹ̀, kí ó dá èsúsú títí di ìkórè tí ń bọ̀, tàbí kí ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ titun dandan, kí ó bẹ oníṣòwò kí ó jẹ́ kí òun san púpọ̀ ní oṣù ìkórè àti díẹ̀ ní oṣù òjò. Bí ó bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí àgbẹ̀ sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé, nítorí ẹni tí ó fi ẹnu gbà lè má sí ní ìdí ọjà náà mọ́ nígbà tí òjò bá dé.