BÈBÈ PÍLÁSÍMÀ ÀTI ÒGIRI Ẹ̀RỌ ÌDÀPỌ̀ ÁTỌ́Ọ̀MÙ: ÀPẸẸRẸ JET NÍ CULHAM

Ìfáàrà

Ẹ̀rọ tokamak ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń gbìyànjú láti ṣe lórí ilẹ̀ ayé ohun tí oòrùn ń ṣe lójú ọ̀run, èyí ni kí àwọn átọ́ọ̀mù háídírójìn dà pọ̀, kí agbára sì tibẹ̀ jáde. Kí ìdàpọ̀ yìí tó lè wáyé bí ó ti yẹ, gáàsì inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Gáàsì tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gáàsì lásán mọ́. Ẹlẹ́kítírónì ti já kúrò lára átọ́ọ̀mù, ó ti di pílásímà. Kò sí ìkòkò tí ó lè gbà á. Agbára òòfà ni wọ́n fi ń há a mọ́ àárín ẹ̀rọ tí ó rí bí òrùka, kí ó má baà kan ògiri.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni máa ń fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, bí ẹni pé òòfà ti parí iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pílásímà ń jò, ibi tí ó sì ti ń jò, ìyẹn bèbè rẹ̀, ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní bèbè

Ipa òòfà tí ó wà ní inú lọ́hùn-ún ń yí po láìkan ohunkóhun. Èyí tí ó wà ní ìta ń forí sọ ògiri. Ohun tí ó bá ré kọjá ààlà àárín méjèèjì, ipa ti ìta ni yóò tọ̀ dé ara ògiri kí ojú tó ṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà náà kò nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ojú kan tóóró ni gbogbo ooru náà ń rọ́ lù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, sí apá kan tí wọ́n ń pè ní dáífátọ̀. Ní ITER, tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Cadarache ní ilẹ̀ Faransé, dáífátọ̀ gbọ́dọ̀ lè fara da mẹ́gáwáàtì 10 lórí ojú tí ó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóòró.

Ní ọdún 1982, Friedrich Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára ẹ̀rọ ASDEX ní Garching, ilẹ̀ Jámánì, pé bí ooru tí wọ́n ń fi sí pílásímà bá ti kọjá ìwọ̀n kan, bèbè rẹ̀ á ṣàdédé di odi, ooru inú á sì pẹ́ tó bí ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n odi náà máa ń ya léraléra, bí ọmọrí ìkòkò tí ó ń hó ṣe máa ń ṣí, ìgbàkígbà tí ó bá sì ya, ògiri ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń mọ ògiri

Tọ́ńgísítìn kì í yọ́ àfi bí ooru bá dé 3422 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ ẹlẹ́kítírónì 74 ni ó wà lára átọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí díẹ̀ bá já bọ́ sínú pílásímà, kì í bọ́ gbogbo wọn sílẹ̀, yóò sì máa tan ooru inú dànù bí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ PLT ní Princeton, Amẹ́ríkà, jìyà èyí ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì lọ bá kábọ́ọ̀nù, ìbátan èédú. Kábọ́ọ̀nù kì í yọ́ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́kítírónì 6 péré ni ó sì ní.

Kábọ́ọ̀nù ni ògiri JET náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Culham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1983. Ní 1997, ẹ̀rọ náà mú mẹ́gáwáàtì 16 jáde láti ara diutéríọ̀mù àti tírítíọ̀mù, ọmọ ìyá háídírójìn méjèèjì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ti kábọ́ọ̀nù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: fúnra rẹ̀ ni ó ń fa àlejò wọlé. Háídírójìn ń bá a dà pọ̀, ó ń họ ọ́ kúrò lójú ògiri. Èyí tí ó họ á lọ tún lẹ̀ mọ́ ibòmíràn pẹ̀lú tírítíọ̀mù nínú rẹ̀. Tírítíọ̀mù ṣọ̀wọ́n, ó sì ń tú ìtànṣán eléwu jáde. Kílógíráàmù 1 ni wọ́n fi ṣe ààlà èyí tí ó lè há sínú ẹ̀rọ ITER. Bí kábọ́ọ̀nù bá wà níbẹ̀, kò ní pẹ́ kún.

Láàárín ọdún 2009 sí 2011, wọ́n tú ògiri JET palẹ̀. Bẹrílíọ̀mù ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, wọ́n sì fi tọ́ńgísítìn sí dáífátọ̀. Ohun tí ó ń há sára ògiri dín kù ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n pílásímà fúnra rẹ̀ kò dára bíi ti àtijọ́ mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé gáàsì tí wọ́n ń fẹ́ sí bèbè láti lé tọ́ńgísítìn sẹ́yìn ń mú bèbè náà tutù. Sùúrù ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún un ṣe. Ní December 2021, JET mú mẹ́gájúùlù 59 jáde. Ní October 2023 ó mú 69 jáde, kí ó tó ṣíwọ́ iṣẹ́ pátápátá ní December ọdún náà.

Bẹrílíọ̀mù ni ITER náà ti pinnu fún ògiri rẹ̀, àmọ́ ó máa ń yọ́ ní 1287, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Láti 2023 ni àwọn aláṣẹ rẹ̀ ti yí sí tọ́ńgísítìn jákèjádò, pẹ̀lú ètò láti fi bórọ́ọ̀nù pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí pílásímà lè mọ́. Bórọ́ọ̀nù náà máa ń di tírítíọ̀mù mú, iye tí yóò dì mú sì ni àwọn onímọ̀ ń wádìí lọ́wọ́.